Ìjà Súyà àti Kílíṣí

Ọjọ́ Ajé, 9 Okúdù 2025

Bushrah, ìyàwó ọmọ mi, ti dé. Nehemiah ló lọ gbé e wá láti ilé ìyá rẹ̀ ní Òṣogbo lẹ́yìn Iléyá, torí dókítà tó mọ ara rẹ̀ níhìn-ín ní Iléṣà ní kó wà nítòsí. Kó máa sinmi, kó má gbé nǹkan wúwo, kí ẹnikẹ́ni má bà á nínú jẹ́. Oyún méjì ló ti bàjẹ́ lára ọmọ yìí. Ẹ̀kẹta ti wọ oṣù kẹfà. Baba mi ọ̀run, Nehemiah nìkan ni mo bí. Ọmọ-ọmọ kan ni mo ń tọrọ, kí n gbé e jó nínú ilé yìí kí n tó kú. Mi ò béèrè pọ̀ jù.

Mo ti fọ yàrá kalẹ̀, mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ti se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí ata ò pọ̀ nínú rẹ̀. Àfi bí ìyàwó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú páálí lọ́wọ́. Mo ti ń yọ̀ pé ẹran Iléyá ni. Mo ní, "Gbé e wá, ìyàwó mi, kí n kó o sínú fíríìjì." Ni páálí bá ké.

Ọmọ ológbò méjì! Nínú ilé mi! Ilé tí a ti ń gbàdúrà àárọ̀ láti ìgbà tí bàbá Nehemiah ti wà láyé. Ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú bí ìdí ìkòkò, ipin kún ojú rẹ̀. Òórùn tó jáde nínú páálí yẹn ò ṣeé fẹnu sọ. Bushrah ní Súyà ni pupa ń jẹ́, Kílíṣí ni dúdú. Ta ló ń fi ẹran jíjẹ sọ ẹran tí ẹnikẹ́ni ò lè jẹ lórúkọ? Ṣíọ̀!

Nehemiah fà mí sí kọ̀rọ̀. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á. Ẹ rántí ohun tí dókítà wí." Ó sì wọ mọ́tò, ó padà sí Àkúrẹ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó fi èmi àti ìdọ̀tí sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 11 Okúdù

Wọ́n ti tọ̀ sórí àǹkárá nínú pálọ̀ iwájú tí mo ti ń tajà. Àǹkárá tuntun tí mi ò tíì tú ìdì rẹ̀. Oníbàárà gbé e sókè, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí lójú, ó rọra gbé e kalẹ̀. Ó ní òun á padà wá. Kò ní padà wá. Ilẹ̀ ì bá lanu gbé mi mì.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Okúdù

Wọ́n fẹ́ pa ara wọn lónìí. Mo ń ro àmàlà lọ́wọ́ ni mo gbọ́ gbì nínú yàrá Bushrah. Mo sáré débẹ̀ pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́. Súyà ti fò mọ́ Kílíṣí lọ́rùn, ó ti dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ki odindi etí rẹ̀ bọnu, ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá a nínú pàkà pàkà. Mo pariwo. Mo fẹ́ là wọ́n. Ìyàwó orí bẹ́ẹ̀dì sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé.

"Màámi, eré ni wọ́n ń ṣe."

"Eré wo? Etí rẹ̀ wà láàárín eyín!"

"Ẹ wò ó dáadáa. Kò yọ èékánná. Ẹ tún gbọ́, wọn ò ké rárá. Ológbò tó ń jà ní tòótọ́ máa ń ké. Èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí, ẹ dúró díẹ̀, òun náà á bọ́ sókè."

Mo dúró. Lóòótọ́, kò pẹ́ tí Kílíṣí fi yí i dànù, tó gun orí rẹ̀, tó sì bu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì dákẹ́, tí wọ́n ń lá ara wọn lójú. Itọ́ ọ̀kan lára irun èkejì! Mo ní kò sí eré tó ń fi eyín bẹ̀rẹ̀. Bushrah ní èmi náà ni mi ò mọ eré. Ó máa ń bá mi jiyàn, ọmọ yìí, kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni kalẹ̀. Àmàlà mi sì ti di kókó.

Ọjọ́ Ìsinmi, 15 Okúdù

Òjò. Irun ológbò lára gèlè funfun mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn mi ló ń yọ ọ́, ó ń ṣe hẹ̀n-ẹ̀n.

Ọjọ́bọ̀, 19 Okúdù

A lọ rí dókítà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ga. Ọmọ ń yí dáadáa nínú. Dókítà ní ohunkóhun tí a bá ń ṣe, kí a máa ṣe é lọ. Kò mọ̀ pé ohun tí a ń ṣe ni pé kí ológbò máa gbá ara wọn mú lórí ẹní, kí ìyàwó máa wò wọ́n, kó máa rẹ́rìn-ín, kó sì máa jẹun. Tí wọ́n bá ń jà, á jẹ abọ́ méjì.

Mo ra ẹja sáwá fún wọn ní ọjà Àtakúńmọ̀sà. Sáwá tín-tìn-tín mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún kan náírà. Èmi Phebe ń ra ẹja fún ẹranko nígbà tí èmi fúnra mi ń jẹ pọ̀nmọ́. Ayé ti bàjẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 26 Okúdù

Ìyá Wúrà wá kí wa. Àwa méjèèjì la jọ máa ń gba ààwẹ̀ Ọjọ́rú. Bó ṣe jókòó tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bushrah ni ìjà tún bẹ̀rẹ̀. Súyà ń sá, Kílíṣí ń lé e, wọ́n gba orí àga, wọ́n gba abẹ́ tábìlì, Kílíṣí sì ta kán-ún gun ikùn Bushrah kọjá. Bushrah rẹ́rìn-ín. Ìyá Wúrà kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó di ọwọ́ mi mú. "Ìyá Nehemiah, kí ni ẹ rò pé wọ́n ń jà lé lórí?"

Mo ní wọ́n ní eré ni.

"Eré? Ẹranko dúdú gun ikùn tí oyún méjì ti bàjẹ́ nínú rẹ̀, ẹ ní eré? Èyí pupa ń gbèjà ni, èyí dúdú ń wá ọ̀nà. Ẹ má sùn o, arábìnrin mi. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Ara mi bù máṣọ. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìríra tí mo ní sí nǹkan wọ̀nyí kò lè jẹ́ lásán.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Okúdù

Mo bu omi ìyè láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo wọ́n ọn sí wọn lára. Súyà sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kílíṣí jókòó, ó lá gbogbo rẹ̀ mọ́ kúrò lára, ó sì ń wo ọwọ́ mi bóyá ó kù. Tùẹ̀!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Agẹmọ

Ó ti lọ.

Barnabas, àbúrò ọkọ mi tó ń dáko ní Ọ̀tan-Ilé, gbé iṣu wá fún wa. Ó jókòó, ó ń ráhùn èkúté. Wọ́n ti jẹ àgbàdo rẹ̀ nínú àká, wọ́n ti jẹ ṣòkòtò rẹ̀, wọ́n ń gé e ní èékánná ẹsẹ̀ tó bá ti sùn. Mo ní, "Ọkọ mi, Ọlọ́run ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín." Bushrah ń sùn. Mo fi aṣọ ìnulẹ̀ mú Kílíṣí lẹ́yìn ọrùn, mo sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, mo fi okùn dè é. Kò tilẹ̀ bá mi jà. Ó rò pé eré ni.

Nígbà tí Bushrah jí, mo sọ fún un pé ó gba ilẹ̀kùn ìdáná sá jáde. Ó wò mí. Ó ní, "Ó dáa, mà." Ó kọjú sí ògiri.

Mo ti fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo ṣì ń gbóòórùn rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Agẹmọ

Èyí tó kù ò jẹ́ ká sùn. Ó ń ké láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn. Kò rí ẹni bá jà mọ́, ẹsẹ̀ mi ló wá ń bá jà. Ó lúgọ sẹ́yìn kọ́tìnì, bí mo ṣe ń kọjá, ó fò mọ́ mi ní gìgísẹ̀, ó bù mí jẹ, ẹ̀jẹ̀ jáde. Èébú tí mo bú u, màá lọ tọrọ àforíjì lórí ẹ̀ ní Ọjọ́ Ìsinmi.

Bushrah fi ọṣẹ fọ ọgbẹ́ náà fún mi. Ohùn rẹ̀ kò ròkè, kò relẹ̀. "Èkejì ẹ̀ ló máa ń kọ́ ọ. Tó bá gé e jẹ jù, Kílíṣí á ké, á sì dìde níbẹ̀, kò ní bá a ṣeré mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń mọ ìwọ̀n. Ní báyìí, kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọ."

Mo ní kó wá ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Mo retí kó fèsì. Ó gbé omi ọṣẹ lọ dànù.

Ọjọ́bọ̀, 17 Agẹmọ

Kò jẹun. Mo se mọ́ínmọ́ín, kò jẹ. Mo ra àkàrà gbígbóná, ó jẹ ẹ̀bù kan. Ní ọsibítù, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ti ga, dókítà tún un wọ̀n, ó wá bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀ nílé? Kí ló ń bà á nínú jẹ́?"

Mo ń wo àwòrán ọmọ tó ń mu ọmú lára ògiri. Mo ní mi ò mọ̀ o, dókítà. Bushrah náà ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 21 Agẹmọ

Wọ́n ti dá a dúró sí ọsibítù. Ojú rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Dókítà ní tí ẹ̀jẹ̀ ò bá wálẹ̀, wọ́n lè gbé ọmọ jáde kó tó pé, òun ò sì lè ṣèlérí. Nehemiah dé láti Àkúrẹ́ pẹ̀lú ojú pípọ́n. Ó béèrè lọ́wọ́ mi ní ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, "Màámi, kí la ṣe?" Ó ní "a".

Mo sáré lọ bá Ìyá Wúrà. Ó ní kí n fi ọkàn balẹ̀, pé ohun tó ń lépa oyún náà ti lọ pẹ̀lú ológbò dúdú. Mo ní, "Tó bá ti lọ, kí ló dé tí oyún náà fi wà nínú ewu báyìí, tí kò sí nínú ewu nígbà tí ológbò wà nílé?" Ó ní kí n má fi ọgbọ́n orí gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Mo dìde. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú mi, àti ti èmi tí mo gbà á gbọ́.

Ọjọ́rú, 23 Agẹmọ

Èmi àti Súyà nìkan nínú ilé. Ó lé ìrù ara rẹ̀ títí, ó bù ú jẹ, ó ké. Mo sọ fún un pé, "Ìwọ náà gbọ́ bó ṣe ń dun ẹlòmíràn." Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sórí àga ìdáná, mo sunkún. Èmi fúnra mi ló ń rí mi lára lónìí. Ológbò kọ́.

Ọjọ́bọ̀, 24 Agẹmọ

Ó ti rẹ̀ mí gan-an, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ ọ́.

Mo wọ mọ́tò dé Ìbòkun, mo gun ọ̀kadà láti ibẹ̀ dé Ọ̀tan-Ilé, ẹrẹ̀ ta sí mi lára dé orókùn. Barnabas jókòó síwájú ilé. Kílíṣí dùbúlẹ̀ sí ìtẹ́ àgbàdo, ó sanra, kò sí ipin lójú rẹ̀ mọ́. Mo ní ẹ̀bẹ̀ ni mo bá wá, mo fẹ́ gba ológbò mi padà.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ohun tí ẹ fún mi tinútinú? Láti ọjọ́ tó ti dé, mi ò gbúròó èkúté mọ́. Mi ò lè dá a padà o. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní iṣu."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ ti Bushrah fún un. Ó ní ọ̀rọ̀ aboyún, ọ̀rọ̀ dókítà ni, kò kan ológbò. Ó wọlé, ó ní òun fẹ́ sinmi.

Bàbá mi, òṣómàáló ni. Aṣọ ló ń tà láwìn kiri ilẹ̀ Òkè Ọya, tó bá sì di ọjọ́ ìgbowó, ẹnu ọ̀nà onígbèsè ló ń lóṣòó sí, kò ní bú ẹnikẹ́ni, kò ní jà, kò sì ní dìde. Ó máa ń sọ fún wa pé òṣòó kì í rẹ ẹni tó bá mọ ohun tó ń wá. Irọ́ ni. Ó ń rẹni. Mo ká ìró mi, mo lóṣòó sí ojúde Barnabas, orókùn mi méjèèjì ń han mí létí.

Ó yọjú lójú fèrèsé. "Ìyàwó wa, kí lẹ ń ṣe?"

"Òṣó ni mo ló, ọkọ mi. N ò dìde títí n ó fi gbà á."

Ó ní àwàdà ni mò ń ṣe. Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá wá. Ebi ń pa mí kú, ṣùgbọ́n bàbá mi ní òṣómàáló kì í jẹ oúnjẹ onígbèsè. Mo dúpẹ́, mi ò fọwọ́ kàn án. Òjò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí n wọlé, mo ní ibí dára. Adìyẹ wọn kan wá ṣu sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo wò ó. Mi ò sún.

Ohun tó ṣe é kì í ṣe òjò, kì í ṣe orókùn mi. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ ni. Ẹni àkọ́kọ́ dúró: "Barnabas, ta lo jẹ ní gbèsè?" Ẹnìkejì ní, "Háà, òṣómàáló! Mo rò pé wọ́n ti tán láyé. Barnabas, aṣọ wo lo rà tí o ò san?" Wọ́n ń pọ̀ sí i lábẹ́ agboorùn. Barnabas sáré jáde, ó ń búra pé òun ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Wọ́n ní kí ló wá dé tí àgbàlagbà obìnrin yìí fi wà nínú òjò? Ó ní ológbò ni. Ni ẹ̀rín bá sọ. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ló gbé Kílíṣí wá fún mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ ọkọ mi ṣòfò." Wọ́n ní láti fà mí dìde ni, ẹsẹ̀ mi ti kú. Mo ki ológbò bọ inú báàgì tí mo fi ń gbé Bíbélì. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ó tọ̀ sí mi nítan kí a tó dé Ìbòkun. Gbogbo mọ́tò dí imú, èmi náà dí imú, bí ẹni pé mi ò mọ ẹni tó ni ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Agẹmọ

Wọn ò mọ ara wọn mọ́.

Mo tú báàgì sílẹ̀, mo ń retí kí wọ́n fò mọ́ra. Súyà fi imú kàn án, ó sún sẹ́yìn, ó ká ẹ̀yìn rẹ̀ sókè bí ọrun, ìrù rẹ̀ wú, etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí. Kílíṣí fi eyín hàn án. Ohùn tó jáde lẹ́nu wọn, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Wọ́n ké. Wọ́n yọ èékánná. Nígbà tí mo fi ìgbálẹ̀ là wọ́n, imú Súyà ti ya, irun dúdú wà nílẹ̀ káàkiri.

Nísinsìnyí ni mo mọ èyí tó ń jẹ́ ìjà. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀kan nínú pálọ̀, mo ti èkejì mọ́ ìdáná. Abọ́ ìgbẹ́ méjì ni mò ń dà báyìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Agẹmọ

Nehemiah ti sọ fún Bushrah láti Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé Kílíṣí ti padà wálé. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ó jẹun. Wọ́n fi í sílẹ̀ lónìí. Mo gbé Kílíṣí lé e lọ́wọ́, mo ní, "Mo rí i."

Ó fi ojú rẹ̀ pa irun rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Màámi, mo rí yín lọ́jọ́ yẹn. Mo ti jí. Mo wà lójú fèrèsé nígbà tí ẹ ń di okùn mọ́ apẹ̀rẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò fi sọ̀rọ̀?"

"Ìyá ọkọ mi lẹ jẹ́. Dókítà sì ní kí n má jà."

Mo kúnlẹ̀. Orókùn tó lóṣòó ní Ọ̀tan-Ilé ni mo tún fi kúnlẹ̀ síwájú ọmọ tí ọmọ mi fẹ́, mo ní, "Mo purọ́ fún ọ, mo sì fẹ́ẹ̀ pa ọmọ rẹ. Má bínú." Ó pariwo pé kí n dìde, pé èèwọ̀ ni. Kò sọ pé òun dárí jì mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Ògún

Owó iṣu tuntun ti wálẹ̀ díẹ̀. Òjò dáwọ́ dúró. Bushrah ń jẹun, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n kì í bá mi jiyàn mọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." "Ẹ ṣeun, mà." Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ fún un pé ilá tútù kò dára fún aboyún, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó bá mi fà títí di alẹ́. Ó ní, "Ó dáa, mà." Ó ti pa mí tì pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ojú ni mo ti ń rí i, kì í ṣe inú.

Àwọn ológbò náà, kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀. Àárín ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń fi eyín han ara wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 Ògún

Obìnrin! Lánàá ni. Ó ké kí wọ́n tó fi aṣọ nù ún, ó ké débi pé nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín. Bushrah wà láàyè, ọmọ wà láàyè, èmi náà ṣì wà láàyè tí mo fi rí i. Mo jó ní kọ́rídọ̀ ọsibítù títí bàtà fi bọ́ lẹ́sẹ̀ mi. Ọlọ́run, O ṣeun. O ṣeun. O ṣeun.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Ọwẹ́wẹ̀

A sọ ọmọ lórúkọ. Ìwàlẹwà ni èmi sọ ọ́. Ẹ̀kọ mímu àti ìrẹsì díẹ̀, kò sí ariwo. Ìyá Bushrah ti wà níbí láti Ọjọ́ Ajé, òun ló ń wẹ ọmọ. Èmi ń bu omi gbígbóná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Ọwẹ́wẹ̀

Wọ́n ti lọ. Ìyá rẹ̀ ní òun fẹ́ mú un lọ tọ́jú ní Òṣogbo. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, mi ò lè jiyàn. Mo bi Bushrah nígbà wo ni yóò dé. Ó ní, "Tí ara mi bá balẹ̀, mà." Ó ní òun ò lè kó ológbò tó ń jà lọ síbi tí ọmọ jòjòló wà, kí n bá òun tọ́jú wọn. Ó ti wọ mọ́tò kó tó tún yọ orí: "Tí ẹ bá rí i pé wọ́n tún ń ṣeré, ẹ sọ fún mi."

Nehemiah dúró lẹ́yìn díẹ̀. Ó ń fi bàtà ha ilẹ̀. "Màámi, Bushrah ní kí n wá ilé sí Òṣogbo." Mo ní ó dáa. Mo wọlé. Ọmọ-ọmọ mi ò ní rá kòrò nínú ilé yìí, nítorí apẹ̀rẹ̀ kan.

Ọjọ́rú, 10 Ọwẹ́wẹ̀

Orí èkúté nínú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì mi. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rí i.

Ọjọ́ Ajé, 15 Ọwẹ́wẹ̀

Mo ń gbé oúnjẹ wọn súnmọ́ ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, mo fi àlàfo sílẹ̀ kí wọ́n lè rí ara wọn. Aṣọ tí Súyà ń sùn lé, mo gbé e fún Kílíṣí. Ti Kílíṣí, mo gbé e fún Súyà. Mo ń fi ọwọ́ ara mi gbé àkísà eléégbọn kiri bí ẹni ń gbé ẹrù ìyàwó. Súyà pọ ìdì irun sórí ẹní mi, ó gbóná, ó ń yọ̀. Mo kó o. Mo tún gbé abọ́ wọn súnmọ́ra.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Ọwẹ́wẹ̀

Mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ láàárọ̀, mo ní ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ kó ṣẹlẹ̀. Wọ́n jẹun tán. Súyà jókòó, ó ń lá ọwọ́. Kílíṣí ń wo ìrù rẹ̀. Mo mú ìgbálẹ̀. Kílíṣí dojú bolẹ̀, ó ń mi ìdí, ó fò!

Mo ti gbé ìgbálẹ̀ sókè. Wọn ò ké. Wọ́n ń yí gbirigbiri, Súyà ki etí rẹ̀ bọnu, Kílíṣí ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá a nínú pàkà pàkà, ilé sì dákẹ́ rọ́rọ́. Mo dojú bolẹ̀ lórí símẹ́ńtì pẹ̀lú ọjọ́ orí mi, mo ń wo ọwọ́ wọn. Kò sí èékánná. Mo wá fóònù, ó bọ́, mo tún un mú.

"Bushrah! Wọ́n ń jà o! Wọ́n ń jà!"

"Yéè! Irú ìjà wo, Màámi?"

"Wọn ò yọ èékánná! Súyà ló wà lókè, rárá o, ó ti yí i dànù, Kílíṣí ló wà lókè báyìí!"

Mo rò pé iná fóònù ti lọ. Ó wá ní, "Alhamdulillah." Ó ní, "Ẹ gbé fóònù súnmọ́ wọn kí n gbọ́."

"Kí lo fẹ́ gbọ́? Wọn ò ké!"

Ó rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá béèrè bí mo ṣe ṣe é. Mo ṣàlàyé. Ó ní kí ló dé tí mo fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí n tó pààrọ̀ aṣọ, gbogbo ayé ló mọ̀ pé aṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń pààrọ̀. Mo ní gbogbo ayé wo? Ó ní ṣé sáwá ni mò ń fún wọn, mo ní sáwá ni, ó ní egungun rẹ̀ ńkọ́? Mo ní ìyá tèmi kò yọ egungun fún èmi rí. Ó ní, "Màámi, ẹ ò ní gbọ́ràn láéláé!" Ó bá mi jà títí owó inú fóònù mi fi tán.

Ó tún fúnra rẹ̀ pè mí padà. Ó ní òun ò tíì parí ọ̀rọ̀ òun. Ó ní kí n má fi Ísààlì fọ yàrá, òórùn rẹ̀ kò dára fún imú ọmọ, omi àti ọṣẹ lásán ni kí n lò, kí n sì fọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì dáadáa, torí Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni àwọn á dé, òun mọ̀ pé mi kì í fọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní irọ́ ni, mo máa ń fọ ọ́.